Síkúrúù Tí Ọ̀gá Mi Kùn Ní Pupa

Ìró ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí kí n tó rántí ojú ẹnikẹ́ni. Bí òwú bọ́bìnnì bá wà bó ṣe yẹ, máṣíìnì náà máa ń kùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á máa dún kẹkẹkẹ bí ẹni tó ń fi eyín díẹ̀ tó kù lẹ́nu jẹ àgbàdo yíyan. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbọ́ ìró méjèèjì ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi n'Íjẹ̀bú-Òde. Mẹ́ta ni àdéhùn wa. Ọ̀kan tó lé, èmi ni mo fà á sórí ara mi, kì í sì í ṣe ẹnu ni mo fi fà á, orúnkún ni.

Ìbẹ̀fún ni wọ́n ti mú mi wá. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì wọ girama fún sáà kan ṣoṣo kí ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá mi tó dá iṣẹ́ oko rẹ̀ dúró. Ìyá mi àgbà ló ní kí n lọ kọ́ṣẹ́, pé ọwọ́ ẹni ni a fi ń tún ara ẹni ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló sì mú mi wọ mọ́tò. Ojú máa ń tì mí nígbà yẹn ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé lọ. Bí ẹnìkan bá béèrè orúkọ mi, ilẹ̀ ni mo máa ń sọ ọ́ fún. Ọ̀gá mi wò mí tòkètilẹ̀, ó bi ìyá mi àgbà bóyá odi ni mí. Ìyá mi àgbà ní rárá, pé ọ̀rọ̀ pọ̀ níkùn mi, ẹnu ọ̀nà ló há. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà mí. Nígbà tó ń lọ, ó sọ fún ọ̀gá mi pé ìró tuntun kan wà nínú àpótí òun tí òun kò tíì ró rí, pé ọjọ́ tí mo bá gba fíríìdọ̀mù ni òun máa ró o wá.

Iṣẹ́ ọ̀gá mi kì í ṣe ìró àti bùbá bíi ti àwọn aránṣọ yòókù. Ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì onípele mẹ́ta ni: aṣọ lókè, fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín, aṣọ nísàlẹ̀, tí a óò wá fi máṣíìnì rán pọ̀ ní ìlà-ìlà kí fóòmù má baà sá kiri nínú rẹ̀. A tún ń ṣe ẹní ìkírun onífóòmù fún àwọn àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn. Máṣíìnì ńlá kan tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ló ń lò, àlòkù ni, ó ní apá gígùn kan tó nà sórí férémù onígi tí a máa ń ta aṣọ lé títí yóò fi le gbọn-in. Kò sí ìwé tó bá a wá. Òógùn ara rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ aṣọ tó bàjẹ́ ni ọ̀gá mi fi mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ohun tó ṣòro jù níbẹ̀ ni òwú ìsàlẹ̀. Òwú méjì ló ń ṣiṣẹ́. Ti òkè ń gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé, ti ìsàlẹ̀ ń ti inú bọ́bìnnì jáde, wọ́n sì gbọ́dọ̀ pàdé láàárín fóòmù níbi tí ojú ènìyàn kò tó. Bí ọ̀kan bá lágbára ju èkejì lọ, yóò fà á sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, aṣọ á sì tú wọn fó. Bọ́bìnnì ń gbé inú ilé irin kékeré kan, síkúrúù kan sì wà lára ilé náà tó kéré ju èékánná ọmọ tuntun lọ. Síkúrúù yẹn ló ń pinnu bí òwú ìsàlẹ̀ yóò ṣe le tó. Nígbà tí ọ̀gá mi rí ojú ibi tó ti dára, ó fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kùn ún lórí, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá yí i, kútẹ́ẹ̀sì náà á là, òun á sì mọ̀. Mo bẹ̀rù kútẹ́ẹ̀sì yẹn ju pàṣán lọ. Bí mo bá ń nu máṣíìnì, mi ò jẹ́ kí àkísà débẹ̀.

Bàbá kan tó wá láti apá Ọ̀ṣun ló máa ń bá wa tún máṣíìnì ṣe. Kò kọ́ mi ní nǹkan kan, èmi náà ò sì bi í. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kó máa sọ̀rọ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́, èmi tí mo di tọ́ọ̀ṣì mú fún un kò sì ní ibi tí mo lè gbé etí mi sá lọ. Lọ́jọ́ kan ó di ẹnu òwú mú, ó jẹ́ kí ilé bọ́bìnnì máa rọ̀ dirodiro lára òwú rẹ̀, ó wá gbọn ọwọ́ díẹ̀. Ilé náà sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, ó dúró. Ó tún gbọn ọwọ́, ó tún sọ̀, ó tún dúró.

"Aláǹtakùn," ló wí. "Bó ṣe yẹ kó máa sọ̀ nìyẹn. Bó bá já wálẹ̀ gbì, ó tú jù. Bó bá so rọ̀ bí àdán tí kò mira, ó le jù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀gá mi bá ti lọ kírun, èmi náà á yọ ilé bọ́bìnnì jáde, n ó fi òwú gbé e rọ̀, n ó máa wò ó. Mi ò yí síkúrúù o. Mo kàn ń wò ó ni. Mo rò nígbà náà pé ẹni tó bá ti mọ nǹkan kò nílò kó sọ ọ́ mọ́, pé ìmọ̀ náà á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde lọ́jọ́ tó bá yẹ. Ọgbọ́n ọmọ ọdún méjìdínlógún nìyẹn.

Ó ku oṣù mẹ́ta kí n gba fíríìdọ̀mù nígbà tí Àlàájà kan tó ń ta abọ́ lọ́jà wọlé tọ̀ wá pẹ̀lú ẹrù tó fi ìborùn dì. Ìró márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, ti ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé. Wọ́n ti gbó, wọ́n sì ti rọ̀ bí etí ọmọ ọwọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó kẹ́yìn ń lọ sílé ọkọ, ẹ̀yìn ìyá àgbà yẹn ni ọmọ náà gbé dàgbà, àwọn ìró yìí gan-an ni wọ́n fi ń pọ̀n ọ́n. Ó fẹ́ kí a so wọ́n pọ̀ di ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì kan tí ọmọ náà á gbé dání lọ. Òwú rẹ̀ pàápàá, òun ló rà á wá, òwú gidi tó nípọn, nítorí ó ní òwú náílọ́ọ̀nù tí àwọn aránṣọ ń lò á gé aṣọ àtijọ́ bí okùn ṣe ń gé ọṣẹ.

"Kò sí òmíràn lọ́jà," ló sọ fún ọ̀gá mi. "Ẹ bá mi fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú un."

A so ìró náà pọ̀, a tẹ́ fóòmù, a ta gbogbo rẹ̀ sórí férémù. Èmi ni mo ká òwú Àlàájà sínú bọ́bìnnì, kí n sì tó gbé e fún ọ̀gá mi, mo gbé e rọ̀ wò. Mo gbọn ọwọ́, kò mira. Mo tún gbọn ọn, ó so rọ̀ bí àdán. Òwú náà nípọn ju èyí tí a ń lò lọ, ibi tí a sì fi síkúrúù sí ti há jù fún un. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ọ̀gá mi rán àkísà kan wò, òwú òkè sì sá lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Kò ro ti síkúrúù tó kùn ní pupa, nítorí ohun tó ti dára lánàá ló gbà pé ó dára títí. Kókó òkè, èyí tó ń mú òwú òkè le, ló yí, ó ń fún un, ó ń fún un, títí òwú òkè náà fi le tó ti ìsàlẹ̀. Lójú, ìlà náà wá tọ́. Ṣùgbọ́n òwú méjèèjì ń fa ara wọn bí ẹni méjì tó di aṣọ kan mú, aṣọ ló sì máa jìyà rẹ̀. Lórí férémù, ẹ kò lè rí i, nítorí férémù ti na aṣọ. Ọjọ́ tí ẹ bá tú u sílẹ̀ lẹ óò tó mọ̀.

Mo súnmọ́ ọn. Mo ní, "Àǹtí."

Ó ní, "Kí ni?"

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti ń dàrú, ó ní kí n lọ wá nǹkan ṣe. Mo gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá láàárọ̀.

Ọ̀gá mi rán tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ìlà lórí ìlà, kí wọ́n tó pè é lórí fóònù pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣubú ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ó da ìborùn sórí, ó ní kí n máa bá a lọ, kí n má kúrò lórí ìlà, kí n má sì fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó lọ. Mo jókòó, mo tẹ máṣíìnì. Kẹkẹkẹ. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ férémù, mo fọwọ́ pa ibi tó ti rán: ó le, ojú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ti là díẹ̀ bí ẹnu tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ro ọmọ tí wọ́n fi aṣọ yìí pọ̀n. Mo ro bí ìyá àgbà náà yóò ṣe máa so ó mọ́dìí láàárọ̀, tí yóò máa fọ̀ ọ́, tí yóò máa sá a. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo mú abẹ tí a fi ń tú aṣọ, mo ha kútẹ́ẹ̀sì kúrò. Ẹnu ọ̀bẹ kékeré ni mo fi yí síkúrúù náà, kò tó ìdá mẹ́rin ìyípo. Mo gbé e rọ̀. Aláǹtakùn. Mo dẹ kókó òkè náà, mo sì rán àkísà wò ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó padà sórí aṣọ.

Mi ò lè tú ìlà tí ọ̀gá mi ti rán. Aṣọ àtijọ́ kì í gbàgbé ojú abẹ́rẹ́, bí a bá tú u, ihò ló máa kù. Àti pé, ta ni mí tí n ó tú iṣẹ́ ọ̀gá mi? Mo bẹ̀rẹ̀ níbi tó parí sí, mo sì rán an títí wọ́n fi pe ìrun àsárì. Máṣíìnì náà ń kùn jẹ́jẹ́. N kò rò pé mo tíì ní ọ̀sán tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà náà. Nígbà tí mo parí ni ẹ̀rù wá dé. Kútẹ́ẹ̀sì ọ̀gá mi wà nínú báàgì rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, èmi sì ní tèmi, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti sóbò. Mo fi kùn ún. Mo sọ fún ara mi pé pupa ni pupa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a tú aṣọ kúrò lórí férémù. Ìgbọ̀nwọ́ àkọ́kọ́ yẹn sún kì bí ata gbígbẹ, aṣọ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà méjì. Gbogbo ibi tó kù tẹ́jú bí omi inú àwo. Ọ̀gá mi wò ó títí. Ó yọ ilé bọ́bìnnì, ó gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"O fọwọ́ kàn án," ló wí.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Mo ń ṣa èyí tó kàn jọ lẹ́nu, pé òwú ló nípọn, pé mo gbé e rọ̀, nígbà tí Àlàájà sálámà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ara òun ò gbà á, òun ní kí òun yọjú wò ó.

Ó tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tọ̀ ọ́ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ó padà síbi tó sún kì, ó fi ìka kan ibi tó ń ya. Ó ní, "Ọwọ́ kan náà kọ́ ló rán ibí àti ibí."

"Ọmọ ni, Àlàájà," ni ọ̀gá mi wí. "Ó yí ohun tí mo ní kó má yí."

Kò purọ́. Ọmọ ni mí, mo sì yí i. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ, mo ti rò ó bọ̀ láti ọdún yìí wá, n kò sì rí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Bó ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni.

Àlàájà yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ kò le. "Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "èwo ni tìrẹ níbẹ̀?"

Kì bá tí gbà ju ìka kan lọ. Kí n kàn na ìka sí ibi tó tẹ́jú, kí n tún mú ojú mi padà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí ojú àgbà bá ti ṣú, ọmọ á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná, á bẹ̀bẹ̀, kó tó wá mọ ohun tí ọ̀ràn náà jẹ́. Orúnkún mi kò dúró gbọ́ ìbéèrè náà tán. Mo ti wà nílẹ̀, mo ń wí pé, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Kò sí ẹni tó tún béèrè nǹkan kan. Ẹni tó ti kúnlẹ̀ ti jẹ́wọ́. Àlàájà mí kanlẹ̀, ó ní kí n dìde, pé kò sí ìjà, pé ọmọ òun á ká apá ibẹ̀ yẹn sábẹ́ ìbùsùn, ojú kò ní tó o. Ó ká aṣọ náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e lọ.

Ọ̀gá mi pe ìyá mi àgbà lọ́jọ́ náà, ó ní ọwọ́ mi kò tíì balẹ̀, pé kí n lo ọdún kan sí i. Ó gbé fóònù fún mi. Ìyá mi àgbà bi mí pé ṣé èmi ni mo bà á jẹ́ lóòótọ́. Ọ̀gá mi dúró tì mí. Mi ò sọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ adìẹ ilé wa lẹ́yìn rẹ̀, ó wá ní, "Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́ o." Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa jẹun dáadáa.

Ọdún kẹrin yẹn, bí mo ṣe ń jí ni mo ń gbá ilẹ̀, ni mo ń pọn omi, ni mo ń ta aṣọ sórí férémù, ni mo ń tú u. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa ti lọ, wọ́n ń fi fọ́tò máṣíìnì tiwọn ránṣẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ohun kan yí padà tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹnu sọ. Ọ̀gá mi kò kun síkúrúù náà mọ́. Ó ha kútẹ́ẹ̀sì tèmi kúrò, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbàkígbà tí a bá pààrọ̀ òwú, á yọ ilé bọ́bìnnì, á fi lé mi lọ́wọ́, á sì bọ́ síta lọ ṣàlùwàlá. N ó ti ṣe é tán kó tó dé. Mo máa ń pe ìyẹn ní ìdáríjì nígbà míràn. Nígbà míràn, mi ò mọ ohun tí mo lè pè é.

Kí ọdún náà tó pé, ẹsẹ̀ ìyá mi àgbà kọ ìrìn. Ọjọ́ tí mo gba fíríìdọ̀mù, ọ̀gá mi fi sísọ́ọ̀sì lé mi lọ́wọ́, ó gbàdúrà lé mi lórí, àdúrà gígùn. Mo gbé ìwé ẹ̀rí mi lọ sí Ìbẹ̀fún lọ́jọ́ kejì. Ìyá mi àgbà wà lórí ẹní, ìró tuntun náà wà lórí itan rẹ̀, ojú ìká tó ti wà lára rẹ̀ láti ilé ìtajà kò tíì tú. Ó ní, "Ṣé ó ti parí?" Mo ní ó ti parí, mà. Ó ní kí n bá òun dá ìró náà padà sínú àpótí.

Mo ti ní yàrá kékeré kan báyìí tí mo ti ń ránṣọ, máṣíìnì mi kò tóbi, ẹ̀yìn sì ń ro mí kí ọ̀sán tó pọ́n. Ojú ọ̀gá mi kò ríran dáadáa mọ́. Bí òwú bá yí padà, á pè mí lórí fóònù, n ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá a. Oṣù tó kọjá ni mo lọ kẹ́yìn, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo jókòó, mo gbé ilé bọ́bìnnì rọ̀. Òun jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fa tẹ̀sùbáà.

"Aṣọ Àlàájà ọjọ́ kìíní," ló ṣàdédé wí.

Ọwọ́ mi dúró.

"Bí mo ṣe tú u kúrò lórí férémù ni mo ti mọ èyí tó jẹ́ tìrẹ." Ó fa ilẹ̀kẹ̀ kan, ó tún fa òmíràn. "Kí ló dé tí o fi kúnlẹ̀?"

Láti ọdún yìí wá ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ lọ́jọ́ tó bá dé ibẹ̀ yẹn. Mo ti tò wọ́n lórí máṣíìnì, mo ti tò wọ́n nínú kẹ̀kẹ́, mo mọ èyí tó máa ṣáájú àti èyí tó máa gbẹ̀yìn. Ìbéèrè náà dùn mí, nítorí kò yẹ kí òun ló máa bi mí, ó sì tún dùn mí nítorí pé èmi náà ti ń bi ara mi. Mo yí síkúrúù náà díẹ̀, mo gbọn ọwọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró.

Mo ní, "Ó ti dáa, mà."

Ó ní, "O ṣeun."

Mo gbé báàgì mi, mo jáde. Kẹ̀kẹ́ ti gbé mi kọjá ọjà kí n tó rántí pé mi ò kúnlẹ̀ nígbà tí mo ń dágbére fún un. Láyé mi, n kò ṣe irú rẹ̀ rí. Mo rò ó pé kí n sọ fún oníkẹ̀kẹ́ kó yí padà. Ó rẹ̀ mí. Mo jẹ́ kó máa lọ.